Páàdì Méjì Lórí Káńtà Mẹ́dùbí

Ọ̀kun o, mo kí i. Ó ní ọ̀kun,
kò gbójú sókè. Ó ń fi àkísà nu ọwọ́,
ọwọ́ tí típà jó níjọ́sí ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ọbájánà.
Káńtà rẹ̀ kò ju ilẹ̀kùn àlòkù kan lọ
tó dùbúlẹ̀ lórí táyà mẹ́rin, lẹ́yìn gáréèjì Kábbà.
Ó gbé páàdì méjì síwájú mi,
ọ̀kan pupa rúsúrúsú, ọ̀kan dúdú bí ìdí ìkòkò.

"Sọ iṣẹ́ tí mọ́tò rẹ ń ṣe."
Mo ní láti Ajé dé Ẹtì, ó ń kó olùkọ́ márùn-ún lọ sí Ìyámoyè,
ó ń kó ẹ̀gẹ́ bọ̀,
ó ń gbé aláboyún nígbà tó bá di dandan.
Ṣùgbọ́n láàárọ̀ Sátidé,
lórí ọ̀dà tí kọngílá tẹ́ lẹ́yìn Mopà, tó sá fi sílẹ̀,
àwa mẹ́fà a máa ń sáré títí oòrùn á fi ga.
Mo fẹ́ páàdì kan tó lè ṣe méjèèjì.

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé eyín.
"Ọmọ Bamitálẹ̀, bàbá rẹ náà bèèrè bẹ́ẹ̀."

Ó mú pupa. "Èyí, tẹ̀ ẹ́ ní tútù, ó gbọ́.
Òwúrọ̀ ọyẹ́, ó gbọ́. Òjò ń rọ̀, ó gbọ́.
Kì í han, kì í jẹ dísìkì.
Ṣùgbọ́n má mú un bínú. Tẹ̀ ẹ́ léraléra lórí eré,
á máa rùn bí ìwo àgbò nínú iná,
ẹsẹ̀ rẹ á rì bí ẹni tó tẹ ẹrẹ̀,
mọ́tò á sì máa lọ."

Ó mú dúdú. "Èyí kò mọ ẹnikẹ́ni láàárọ̀.
Ó di ìgbà tó bá gbóná kó tó dá ọ lóhùn.
Tó bá wá gbóná tán, kò sí kọ́nà tó ń bà á lẹ́rù.
Ariwo rẹ̀ bí ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n so,
ó ń jẹ dísìkì bí ikán ṣe ń jẹ òrùlé."

Mo dákẹ́. Kò mọ̀ pé dúdú ni mo gùn wá.
Kò mọ̀ pé Sátidé ni mo dè é,
pé mo ti ju èyí àtijọ́ nù,
pé lánàá, nínú kùrukùru ọyẹ́,
ọmọkùnrin kan sáré tẹ̀lé táyà tó ń yí
bọ́ sójú títì,
mo tẹ̀ ẹ́,
páàdì náà wò mí bí àlejò.

Mo tún tẹ̀ ẹ́. Tíṣà Jẹ́míọlá kò pariwo,
ó kàn di apá mi mú.
Ọmọ náà gbé táyà rẹ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan bọ́ńẹ́ẹ̀tì mi,
bí ẹni tó ń wò ó bóyá ewúrẹ́ náà ń kàn,
ó bá tirẹ̀ lọ.

"Kà á fún mi," Mẹ́dùbí ní,
"ibi tí o ti ń tẹ bíréèkì láti ibí dé Ìyámoyè."
Ìkóríta. Igi tí àwọn ọlọ́pàá gbé dábùú ọ̀nà.
Kòtò mẹ́ta tó tò tẹ̀lé ara wọn.
Tírélà sìmẹ́ǹtì tó ti dùbúlẹ̀ láti ìgbà Kérésì.
Ilé ìwé. Ilé ìwé kejì.
Màmá kan tí kì í wo ọ̀tún wo òsì kó tó kọjá,
torí ó ní inú oko bàbá òun ni wọ́n la títì gbà.
Mo kà dé mọ́kànlélógójì, n kò tíì dé afárá.

"Ti Sátidé ńkọ́?"
Kọ́nà méje.

Ó fa pupa sún mọ́ mi, ó ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá,
kò ní yọ kọ́bọ̀.
Mo ka owó lé ilẹ̀kùn. Ìgbà náà ni mo ní:
dúdú ló wà lẹ́sẹ̀ mọ́tò báyìí.

Ó wá gbójú sókè.
Ó wò mí pẹ́. Ó mú sípánà, ó gbé jáàkì,
ó jáde sínú oòrùn, kò bèèrè owó iṣẹ́.

"Tó o bá kúrò níbí, rọra tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹwàá lórí eré,
má dúró pátápátá.
Jẹ́ kó mọ dísìkì kó tó mọ ìyà."

Mo fi dúdú sínú ọ̀rá, mo tì í sábẹ́ ìjókòó.
Ó ṣì gbóná díẹ̀.
Òní ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́ Ìṣẹ́gun.